Ṣọ́ọ̀kì Tòkunbọ̀

Bí Camry 2003 yín, èyí tí ará Èkó ń pè ní Big Daddy, bá ti ń fò sókè lórí títì tó tẹ́jú, ẹ má wulẹ̀ gbààwẹ̀ sí i, ṣọ́ọ̀kì ló kú. Ẹ tẹ igun bọ́ńpà rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Èyí tó dára á gòkè, á dúró. Bó bá ń mì ṣáá bí ìyá ìyàwó tí wọ́n ń lẹ owó mọ́ níwájú orí, ọjà Ládìpọ̀ ní Mushin ti ń pè yín.

Ẹni tó ń ta ṣọ́ọ̀kì tòkunbọ̀ níbẹ̀ á búra pé òyìnbó arúgbó tí kì í lọ ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ ló lò ó. Gbogbo òyìnbó wọ̀nyí, ṣé wọn kì í lọ síbi iṣẹ́ ni? Bí òróró bá ti ń jò lára rẹ̀, tàbí tí ọ̀dà dúdú ara rẹ̀ kò tíì gbẹ tán, ẹ kí wọn kú ọjà, kí ẹ máa lọ.

Mẹ́káníìkì á ní ẹ pààrọ̀ ẹyọ kan ná. Rárá o! Bó bá jẹ́ ti iwájú ló kú, méjèèjì iwájú ni wọ́n ń pààrọ̀ pọ̀. Tuntun ni kí ẹ rà, bó tilẹ̀ gba owó aṣọ ẹbí.