Kẹ̀kẹ́ Méjì fún Ènìyàn Mẹ́tàdínlógún

Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ilẹ̀ tí a ti mọ ìgbìmọ̀ yàn ju bí a ti mọ ilé kọ́ lọ, èmi kò rò pé ó yẹ kí ó rìn kọjá Ìjẹ̀bú, ilẹ̀ ọmọ alárè, nítorí níbẹ̀, nínú gbọ̀ngàn kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ni èmi tìkára mi jókòó sí ní ọ̀sán Àìkú mẹ́ta léraléra, tí èmi àti àwọn ènìyàn jàǹkànjàǹkàn ń pète bí a ó ti gun kẹ̀kẹ́ lọ́wọ̀ọ̀wọ́ yí ìlú ká, kí a sì fi ojú wa wo ohun tí Ọlọ́run fi ta ilẹ̀ wa lọ́rẹ. Mẹ́tàdínlógún ni wá. Ọ̀túnba mẹ́sàn-án, olóyè mẹ́rin, ọ̀mọ̀wé méjì láti Àgọ́-Ìwòyè, Ìyá Ọjà kan, àti èmi tí wọ́n fi ṣe akọ̀wé nítorí pé mo ń kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé ìròyìn. Kẹ̀kẹ́ méjì péré ni gbogbo wa ní lápapọ̀, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ti ọmọ ọmọ Alága: ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni.

Ohun tí ó bí ọ̀rọ̀ náà ni pé Alága wa jókòó sí iwájú tẹlifíṣọ̀n ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ó sì rí i tí gbogbo àgbáyé kó kẹ̀kẹ́ wọn wá sí Kigali, olú-ìlú Rwanda, fún ìdíje tí kò tíì wáyé rí ní ilẹ̀ Áfíríkà. Inú rẹ̀ ru. Ó ní bí ìlú tí ó kún fún òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ bá lè gba àlejò lórí kẹ̀kẹ́, kí ni ó dé tí tiwa tí ó tẹ́jú jù ú lọ kò ní lè gbà á? A pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta wá. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó béèrè ohun tí àwọn ará Kigali kọ́kọ́ ṣe sí ojú ọ̀nà wọn kí wọ́n tó pe àlejò.

Ìpàdé kìíní, aṣọ ni a fi gbogbo rẹ̀ jíròrò. Àwọn kan ní aṣọ òkè, àwọn kan ní ànkárá. Ọ̀túnba kan sì dìde, ó ní ènìyàn pàtàkì kì í jáde láìwọ agbádá, àti pé bí kẹ̀kẹ́ kò bá lè gba agbádá, kẹ̀kẹ́ ni kí a pa rọ́ ṣe. Ìyá Ọjà ni ó gbà wá lọ́wọ́ ara wa. Ó ní ọkọ òun, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, kẹ̀kẹ́ Raleigh ni ó fi ń ra kòkó káàkiri oko láyé ìjọ́un, kì í sì í gùn ún láìjẹ́ pé ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò ọ̀tún sókè, kí ó sì fi ohun tí a fi ń há aṣọ mọ́ okùn há a. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí ó gbàgbé, ṣéènì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ṣòkòtò náà láti kókósẹ̀, ó jẹ ẹ́ dé orúnkún, ẹsẹ̀ kan ṣòkòtò ni bàbá náà sì wọ̀ wọlé níṣojú àwọn àna rẹ̀. “Ẹ̀yin Ọ̀túnba mi,” ni Ìyá Ọjà wí, “ṣéènì kẹ̀kẹ́ kò mọ oyè.” Bí a ti ṣe fẹnu kò sí ànkárá nìyẹn.

Ìpàdé kejì ni ọ̀kan nínú àwọn ọ̀mọ̀wé wa fi wákàtí kan gbáko kà nínú ìwé nípa bí kẹ̀kẹ́ ti ṣe dáyé. Ó ní ará Jámánì kan, Karl von Drais, ni ó kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde ní ọdún 1817, pé igi ni ó fi ṣe é, kò ní pẹ́dà, ẹsẹ̀ ni ẹni tí ó gùn ún sì fi ń ti ilẹ̀ bí ẹni ń wa ọkọ̀ ojú omi. Oorun ti ń kun àgbà kan tí ó ń la pákó tà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó ti gbọ́ “igi” ni ó lajú. Ó ní ṣé igi ni kẹ̀kẹ́, tí Ìjẹ̀bú-Igbó, ìlú tí ó ń fi pákó kọ́lé fún gbogbo Èkó, sì ń wá kẹ̀kẹ́ kiri? A kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí a gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò.

Ọjọ́ tí a ó dá nìkan ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wa ká. Oṣù Kẹfà àti Keje kò ṣe é lò nítorí òjò. Ọ̀sẹ̀ Agẹmọ ní èèwọ̀ tirẹ̀. Ọjọ́ kẹta Iléyá, Ojúde Ọba ti gba gbogbo ènìyàn lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí wọ́n ti ń gun ẹṣin, ta ni yóò sì wo ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ náà? Bí ó bá sì jẹ́ ti Sátidé yòókù láàárín ọdún, òkú ni. A wá a títí a fi rí ẹyọ Sátidé kan tí kò sí ìnáwó òkú ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, a sì fi àdúrà tì í pé kí ó má sí ẹni tí yóò kú kí ọjọ́ náà tó pé.

Ìgbà tí ó kan ibi tí a ó wò, ara mi yá gágá, nítorí ilẹ̀ wa kò ṣàìní ohun àfihàn. A ó gba Òkè-Sópẹ̀n, Òkè-Àgbò, Òjòwò, Àtìkòrì àti Jàpárá; a ó dúró ní Mọ̀lúsì College, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1949 lábẹ́ Stephen Awókòyà, ẹni tí ó di mínísítà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 1955 fi ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn; a ó gba Òrù kọjá sí Àgọ́-Ìwòyè, ìlú Ẹbúmáwé, kí a lè wo Yunifásítì tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1982, tí a sì fi orúkọ gómìnà tí ó dá a sílẹ̀, Olóyè Olábísí Ọ̀nábánjọ, pè ní ọdún 2001. Mo rán wọn létí pé kí ọkùnrin náà tó dé ipò gómìnà, akọ̀ròyìn ni, Àyékòótọ́ sì ni orúkọ tí ó fi ń kọ àpilẹ̀kọ rẹ̀. Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo ń bú wọn.

Ọjọ́ kejì ni a ó kọjá títì Ṣàgámù sí Ọ̀rẹ̀, tí a ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ogun Waterside, níbi tí ìpínlẹ̀ wa ti fojú kan òkun. Alága ní dandan ni kí a dé Ìwópin, kí a wo ọ̀kan nínú ilé-iṣẹ́ bébà ńlá mẹ́ta tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ kí Nàìjíríà má baà máa ra ìwé lókè òkun mọ́, tí àwọn méjì yòókù wà ní Jebba àti Oku-Iboku. Kí a sì yà wo oko rọ́bà Ìlúṣìn. Èmi akọ̀wé gbé kálàmù sókè. Mo ní bébà tí mo fi ń kọ àkọsílẹ̀ yìí, òkè òkun ni wọ́n ti kó o wá, Ìwópin kò sì fún ẹnikẹ́ni ní bébà láti ọjọ́ pípẹ́. Táyà tí a fẹ́ rà fún kẹ̀kẹ́, Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe é, nítorí Michelin ti ṣíwọ́ táyà ṣíṣe ní Port Harcourt ní ọdún 2007, Dunlop sì tẹ̀ lé e ní Ìkẹjà ní ọdún 2008. Bébà àjèjì ni a ó fi kọ ìwé ìpè, rọ́bà àjèjì ni a ó sì gùn, láti lọ wo ibi tí bébà àti rọ́bà tiwa wà. Alága bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, “Akọ̀wé, ìran ni a fẹ́ lọ wò, àbí ẹjọ́ ni ẹ fẹ́ kí a lọ rò?”

Wọ́n wá ní kí èmi àti ọ̀mọ̀wé kan lọ yẹ ọ̀nà wò, torí igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. A fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ. Kòtò kan wà tí pẹ́pẹ́yẹ mẹ́rin ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, a sì dúró kí wọ́n fi ọ̀nà sílẹ̀ fún wa. Níbẹ̀, nígbà tí a ti kọjá Abígí, ni bàbá kan ti yọ sí wa lórí kẹ̀kẹ́ ológeere, kẹ́ẹ̀gì ògùrọ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀, ìjókòó rẹ̀ tí a fi àpò sìmẹ́ńtì dì, ọwọ́ rẹ̀ tí a fi rọ́bà tíúbù wé bí ẹni wé egbò. Kò ní bírékì. Sálúbàtà ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ni ó tẹ̀ mọ́ táyà tí kẹ̀kẹ́ náà fi dúró, àtẹ́lẹsẹ̀ sálúbàtà náà sì ti jẹ tán níbi kan ṣoṣo.

Mo kí i pé, “Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o.” Ó dáhùn. Mo ṣàlàyé fún un pé ènìyàn pàtàkì ń bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́, tí wọ́n fẹ́ gba ọ̀nà yìí wá wòran.

Ó wò mí, ó wo ọ̀mọ̀wé, ó wo ọkọ̀ tí a gbé wá. “Ìran ta ni?” ni ó bi wá.

Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Bàbá náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tún béèrè pé, “Ẹ ní pọ́ǹpù?”

Ìpàdé kẹta gbọ́ àbọ̀ wa, wọ́n sì fọgbọ́n yanjú rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ méjèèjì yóò ṣíwájú, èyí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yóò wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Àwọn yòókù yóò fi jíìpù tẹ̀ lé wọn, kí wọ́n lè máa ya fọ́tò. Ní ti bàbá ológùrọ̀, a fẹnu kò pé kí a pè é ní àlejò pàtàkì, kí a sì ta ànkárá náà fún un ní ẹ̀dínwó.

Gbogbo ètò ti parí báyìí. Ànkárá ti dé, alásè ti gba àsansílẹ̀, onílù ti mọ orúkọ Ọ̀túnba mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lórí. Pọ́ǹpù nìkan ni ó kù. Ẹni tí ó bá ní pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ ní ilé, ì báà jẹ́ ti bàbá rẹ̀ tí ó ti dógùn-ún lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí ó jọ̀wọ́ gbé e wá sí gbọ̀ngàn wa ní ọ̀sán Àìkú tí ń bọ̀, kí ó sì béèrè akọ̀wé.