Kábíyèsí, Páálí Iye Owó

Ìwọ páálí pélébé tí wọ́n fi okùn ọ̀rá so mọ́ ọrùn aṣọ, mo júbà. Aláìlẹ́sẹ̀ tó ń ṣíwájú oníbàárà dé ìdí ọjà. Aláìlẹ́nu tó ń dá àgbàlagbà lẹ́kun ọ̀rọ̀. Má-wọ̀-ọ́-rí tó ń dájọ́ fún ẹni tí yóò wọ̀ ọ́, má-fọ̀-ọ́-rí tó mọ iye aṣọ tí ọṣẹ kò tíì kàn. Ọmọ Boucicaut ará Paris, tó di alájọni nínú ilé ìtajà Bon Marché ní 1852 tó sì fi iye kan gírígírí sórí ọjà rẹ̀. Ọmọ Wanamaker ará Philadelphia, tó ní kí olówó àti tálákà san iye kan náà lórí ọjà kan náà. Ọba tí ẹnikẹ́ni kì í bá ṣe dúnàádúrà. Ní Oxford Street ìlú Lọ́ńdọ̀nù, láti Marble Arch títí dé Tottenham Court Road, ìwọ ni wọ́n ń kọ́kọ́ kí: ọwọ́ á gbá ọ mú, wọ́n á yí ọ síwájú, ẹnu á ní “kò wọ́n” tàbí “ó ti wọ́n jù”, wọ́n á sì kọjá lọ síbi kejì. Aṣọ fúnra rẹ̀ kò tíì rí ẹni bi í ní ọ̀rọ̀ kan.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ nìyẹn, ó sì tó iṣẹ́ tí a ń jẹ oyè fún. Ní Balógun l'Ékòó, kò sí bí èèyàn ṣe lè ná aṣọ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ìyá aláṣọ á pe iye kan. Ẹni tó fẹ́ dín in kù gbọ́dọ̀ wá àléébù tí yóò tọ́ka sí. Á na etí aṣọ sójú oòrùn, á fi àtàǹpàkò àti ìka tẹ̀ ẹ́ wò, á béèrè bóyá kò ní ṣí tí omi bá kàn án, á ní òdòdó ara rẹ̀ wọ́ lápá kan. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní ilé-ìwé. Owó tó fẹ́ yọ níbẹ̀ ló là á lójú. Nígbà tí ìwọ gorí oyè, tí kò sí kọ́bọ̀ tí a lè yọ mọ́, kí ni a tún ń wá àléébù fún? Ẹni tó lè fi ọwọ́ lásán mọ ẹtù gidi yàtọ̀ sí ayédèrú n'Ísẹ́yìn, bó bá dé Primark tàbí Zara, ojú rẹ nìkan ló ń wò. Mi ò sọ pé o purọ́ mọ́ aṣọ. Ohun tí o ṣe le ju irọ́ lọ: o gba ìbéèrè lẹ́nu wa.

Olóòótọ́ kan lè sọ pé aláìmoore ni mí. Dúnàádúrà ní ìrẹ́jẹ tirẹ̀. Àlejò, ọmọdé, ẹni tí kò gbọ́ èdè ìlú, àwọn ni wọ́n ń fá lórí. Mo gbà, jẹ́ kí n tilẹ̀ fi kún oríkì rẹ, Kábíyèsí: Aláìṣojúsàájú, ẹni tí kì í wo ilà ojú kó tó pe owó. Ọmọ Yorùbá tó bọ́ sílẹ̀ ní Heathrow lánàá àti ọmọ bíbí Chelsea, iye kan ni wọ́n jọ ń san. Ṣùgbọ́n pé a kò rẹ́ ẹnì kan jẹ ju ẹnì kejì lọ kò túmọ̀ sí pé ọjà náà tó owó rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé gbogbo wa ni a jọ pàdánù, ní dọ́gbadọ́gba.

Nítorí kí ni o tilẹ̀ ń wọ̀n, Kábíyèsí? Ní 24 Oṣù Kẹrin, 2013, ilé alájà tí wọ́n ń pè ní Rana Plaza wó ní Savar, nítòsí Dhaka ní Bangladesh. Àwọn tó kú ju 1,100 lọ, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn sì jẹ́ òṣìṣẹ́ tó ń rán aṣọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ inú ilé náà ti rán aṣọ fún Primark tí páálí rẹ̀ kì í ga, wọ́n sì ti rán fún Benetton tí páálí tirẹ̀ ga jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Níbí, mo bọ́ fìlà ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó san púpọ̀ tó rò pé òun ti fi owó náà ra ìtọ́jú fún aránṣọ, páálí ni kò jẹ́ kó mọ̀ pé abẹ́ òrùlé kan náà ni aṣọ òun ti wá. Mi ò sọ pé aṣọ àwọn méjèèjì rí bákan náà. Ó lè jẹ́ pé òwú dára ju òwú lọ, gígé sì dára ju gígé. Ibi tí ìyàtọ̀ owó náà wọlé sí gan-an ni ìwọ kò lè sọ: òwú ni, àbí ìpolówó ọjà, àbí owó ilé ní Oxford Street, àbí orúkọ lásán? Gbogbo rẹ̀ ni o pa pọ̀ sójú kan tí o kọ ọ́ ní nọ́ńbà. Oníṣọ̀nà! Ẹlẹ́sàn-án mẹ́ta, £9.99, tó fi pẹ́nì kan ṣoṣo sá fún mẹ́wàá. Apani-má-yọdà tó ń fi gègé pupa fagi lé ara rẹ̀: £60 tẹ́lẹ̀, £25 nísinsìnyí, oníbàárà á sì máa yọ̀ lórí £35 tí kò wọ àpò rẹ̀ rí.

O ní àbúrò kan tí ẹnikẹ́ni kì í kì. Inú aṣọ lọ́hùn-ún ló ń gbé, lábẹ́ ìhà, funfun, pẹlẹbẹ, lẹ́tà rẹ̀ wínníwínní. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fi dandan mú un kó máa sọ ohun tí wọ́n fi hun aṣọ àti ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀wù kóòtù tí ìwọ ń kéde níta pé irun àgùntàn wà nínú rẹ̀, àbúrò rẹ lè jẹ́wọ́ pé ìdá mẹ́wàá péré ni, políẹ́sítà ni ìyókù. Políẹ́sítà yìí, inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń mú un jáde. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, Whinfield àti Dickson, ló ṣe okùn rẹ̀ ní 1941. Kò burú níbi gbogbo: ó ń tètè gbẹ, kì í rún, ẹni tó ń sáré ìdárayá mọ oore rẹ̀. Àmọ́ wọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin Central line nínú oṣù Keje: òógùn kò ríbi wọ̀, òórùn kò fẹ́ lọ, o fọ̀ ọ́ títí, orí burúkú kò gbọ́ ọṣẹ.

Ẹni tó bá fẹ́ fi àbùkù kan ọ, Kábíyèsí, kó yí inú aṣọ síta lójú rẹ. Kó mú ojú ìránṣọ ìhà lọ́wọ́ méjèèjì, kó fà á díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ láàárín òwú, ibẹ̀ ni yóò ya lọ́jọ́ tó bá na ọwọ́ di irin mú nínú bọ́ọ̀sì. Bí aṣọ bá nílà, kó wo ẹ̀gbẹ́: ṣé ilà iwájú pàdé ti ẹ̀yìn? Bí wọ́n bá kọjá lára wọn, ẹni tó gé e ṣún aṣọ lò, ó sì ṣeé ṣe kó ti ṣún un lò níbòmíràn tí a kò rí. Kó wo ìsàlẹ̀ ṣòkòtò. Bí èyí tí wọ́n ká sókè kò bá ju ìbú ìka kan lọ, kò sí ohun tí télọ̀ yóò tú lọ́jọ́ tó bá kúrú. Kó fún apá kan mọ́ ọwọ́, kó ka dé márùn-ún, kó tú u sílẹ̀, kó wo bí ó ṣe rún tó. Kó mi bọ́tìnnì. Kó fa sípù lọ fà á bọ̀. Gbogbo èyí kò tó ìṣẹ́jú méjì, kò sì gba pẹ́nì kan.

Èyí ló ń dáhùn àtakò tó lágbára jù, pé ẹni tó ní £10 péré lápò kò láyè àṣàyàn, kí a fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ẹni yẹn gan-an ni yíyẹ aṣọ wò wà fún. Ṣẹ́ẹ̀tì ogún tó so kọ́ sórí irin kan pẹ̀lú £10 kan náà kì í gún régé bákan náà. Ẹni tó yí mẹ́ta síta lè rí èyí tó sàn jù, láìfi kún owó. Ẹni tó sì lówó, kó ṣírò tirẹ̀: aṣọ £12 tó ya lẹ́yìn ìgbà mẹ́rin, £3 ló ń jẹ nígbà kọ̀ọ̀kan, èyí tó jẹ́ £36 tí a wọ̀ nígbà 72, 50 pẹ́nì ni. Ṣùgbọ́n aṣọ £90 tí ìránṣọ rẹ̀ ń yanu burú ju méjèèjì lọ. Ní ti ẹni tó kàn fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sí òde Sátidé kan péré ní Peckham, kó rà á, kó jó, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó ya lójú agbo.

Oore kan ṣoṣo ló kù tí mo lè fi tọkàntọkàn kì ọ́ fún. Ẹ̀yin tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ má tíì já okùn ọrùn Kábíyèsí. Ẹ gbé aṣọ délé, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lójú fèrèsé lọ́sàn-án, nítorí iná ṣọ́ọ̀bù ń bo àṣírí. Bí ọkàn yín bá yí padà, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù á gbà á tí páálí bá ṣì wà lára rẹ̀ tí rìsíìtì sì wà lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin kò mú wọn ní túláàsì. Bí aṣọ bá sì lábùkù lóòótọ́, òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 2015 fún yín ní 30 ọjọ́ láti dá a padà kí ẹ sì gba gbogbo owó yín, ì báà jẹ́ £5 ni páálí pè é tàbí £500.