Ẹyẹ Bì Sí Mi Lára

Àárọ̀ Sátidé kan ni, létí òkun Pembrokeshire ní ilẹ̀ Wales, ni ẹyẹ bì sí mi lójú. Mi ò sọ pé ó yàgbẹ́ sí mi lára o. Ìyẹn ì bá sàn. Mo ń gun àpáta etíkun lọ, okùn wà nídìí mi, mo na ọwọ́ ọ̀tún kí n di etí òkúta kan mú. Bí mo ṣe yọrí báyìí, ojú èmi àti ẹyẹ kan tó ń sàba di mẹ́rin. Ó wò mí, mo wò ó. Ó yanu bí ẹni tó fẹ́ kí mi káàárọ̀, àfi gbùù! Òróró kan ló tú jáde, ó ń rùn bí ẹja tí wọ́n gbàgbé sínú mọ́tò láti ọjọ́ Àjíǹde.

Fulmar ni wọ́n ń pe ẹyẹ yìí. Àwọn ará àríwá Yúróòpù àtijọ́ ló sọ ọ́ lórúkọ, ìtumọ̀ rẹ̀ lédè wọn ni "ẹyẹ òkun tó ń rùn". Wọn ò purọ́ mọ́ ọn. Ohun ìjà rẹ̀ ni òróró ikùn yẹn, ọmọ rẹ̀ tí kò tíì lè fò pàápàá mọ̀ ọ́n tu. Tó bá bà lé ìyẹ́ àṣá, ìyẹ́ á lẹ̀ pọ̀, àṣá ò ní lè fò dáadáa mọ́. Tó bá bà lé jákẹ́ẹ̀tì ọmọ Ìlá, ẹ fọ̀ ọ́ títí, ẹ sá a sóòrùn (oòrùn wo, ní Wales?), ẹ ó sọ ọ́ nù náà ni.

Mo fóònù Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, tí wọ́n ń dá ẹmu ní Ìlá Ọ̀ràngún.

"Bàbá, ẹyẹ bì sí mi lára."

"Kí lo wá lọ sọ́dọ̀ ẹyẹ?"

"Mo ń gun àpáta ni, Bàbá."

"Ta ló ń lé ọ?"

"Kò sẹ́ni tó ń lé mi o."

"Kí ló wá wà lókè ibẹ̀?"

Mo ronú sí i. "Kò sí nǹkan kan, Bàbá. Téèyàn bá dé òkè tán, á sọ̀ kalẹ̀."

Bàbá dákẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. "Ẹyẹ yẹn gbọ́n," ni wọ́n wí.

Sheffield ni mò ń gbé, àpáta Stanage Edge kò sì jìnnà sí wa. Ògiri òkúta tó gùn lọ bí ejò ni, nínú Peak District, ibi àkọ́kọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì sọ di ọgbà ìjọba, lọ́dún 1951. Ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ring ouzel, dúdú ni, àmọ́ àyà rẹ̀ funfun bí ọmọ tí wọ́n so aṣọ ìjẹun mọ́ lọ́rùn. Tí ìgbà ìrúwé bá dé, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í sàba, wọ́n á gbé pátákó síwájú àpáta: ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gun ibí, ẹyẹ wà nínú ìtẹ́. Àgbà mẹ́rin la wà lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i. Agbẹjọ́rò méjì, oníṣègùn eyín kan, èmi náà. A ti wakọ̀, a ti gbé ẹrù, a ti mu tíì. A ka pátákó náà tán, a yíjú padà, a ń yọ́ ẹsẹ̀ rìn bí ẹni tó kúrò nílé ọlọ́mọ tuntun. Òfin tiẹ̀ wà, ti 1981. Bí èèyàn bá mọ̀ọ́mọ̀ ba ìtẹ́ ẹyẹ jẹ́ nígbà tó ń lò ó, ó lè dèrò ẹ̀wọ̀n.

Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún Bàbá, wọ́n ní, "Ẹyẹ ní lọ́yà?"

Mo ní ó ní. Àmọ́ kí n má purọ́, àwa náà ní irú rẹ̀ nílé. Nínú Igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo, èyí tí UNESCO kọ sínú ìwé rẹ̀ lọ́dún 2005, èèwọ̀ ni kéèyàn dọdẹ tàbí kó pẹja. Ọ̀bọ ibẹ̀ ń wo àlejò bí onílé ṣe ń wo ayálégbé tó jẹ owó oṣù mẹ́ta. Ọ̀bọ Òṣogbo ò gba lọ́yà. Òrìṣà ló gbà.

Ti ejò la ò tíì sọ. Ẹyọ ejò olóró kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fi fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, adder ni wọ́n ń pè é. Ọjọ́ tí a rí ọ̀kan tó ń yáàrùn lórí òkúta, àwọn ọ̀rẹ́ mi sún mọ́ ọn, wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kí wọ́n má baà dí i lọ́wọ́. Èmi ti wà nídìí mọ́tò. Ọ̀kan pè mí pé láti 1975 ejò yìí kò pa ẹnikẹ́ni mọ́. Mo ní mi ò fẹ́ kó torí tèmi bẹ̀rẹ̀.

Oṣù Kejìlá tó kọjá, mo gbé gbogbo ẹrù àpáta mi wálé, kí Bàbá lè fojú ara wọn rí i. Wọ́n yẹ akoto wò, wọ́n yẹ bàtà tó fún ẹsẹ̀ pọ̀ wò. Wọ́n fi ìka kan inú àpò ìyẹ̀fun funfun tí a fi ń pa àtẹ́lẹwọ́ kí ọwọ́ má baà yọ̀.

"Ẹfun rèé! Òrìṣà wo lò ń bọ lójú àpáta?"

Nígbà tí mo dárúkọ iye tí mo ra okùn, wọ́n jókòó.

Lọ́jọ́ kejì mo gun ọ̀kadà lọ sí Òkè-Ìlá (Ọ̀ràngún méjì la ní, ẹ má jẹ́ ká dá ìjà àtijọ́ sílẹ̀), níbi tí òkè pọ̀ sí, tí omi Àyìkúnnugbá ti ń já wálẹ̀. Mo rí àpáta kan tó wù mí. Mo wò yíká, kò sí pátákó. Alángbá olórí pupa kan kọjá lára mi, ó gòkè láìlo okùn, ó dúró sókè, ó ń mi orí. Èyí tó já látorí ìrókò yin ara rẹ̀. Èyí ò já níbì kankan, èmi ló ń bú. Mo tẹra mọ́ ọn. Ibi tí òkúta ti ṣe bí òrùlé ni mo ti fọwọ́ kan ohun tó dà bíi bébà gbígbẹ. Ilé agbọ́n ni.

Sọ̀kalẹ̀ kọ́ ni mo sọ̀ kalẹ̀, mo kàn dé ilẹ̀ ni. Ọlọ́kadà wò mí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí i ni? Gbogbo ayé mọ̀ pé agbọ́n wà níbẹ̀." Pátákó tiwa nìyẹn: gbogbo ayé.

Ètè mi wú débi pé mi ò lè jẹ iyán lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí mo ṣe dùbúlẹ̀, ohun kan ń gbó nínú igbó, kì í ṣe ajá. Bàbá ní ọ̀fàfà ni. Mo bá sọ ohun tí mo kà fún wọn: ìbátan erin ni ẹran kékeré yìí, àti pé ọdún 2021 ni àwọn ọ̀mọ̀wé Yale àti Hunter College ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó kéde pé irú èyí tó wà láàárín odò Fólítà àti odò Ọya yàtọ̀, torí pé gbígbó ló máa ń gbó, nígbà tí tibòmíràn ń ké tantan.

"2021?" ni Bàbá wí. "Kí ló di etí wọn látọjọ́ yìí?"

Ní ìdájí, mo tẹ̀ lé wọn lọ sídìí ọ̀pẹ. Wọ́n sọ igbà tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe yí ara àti ọ̀pẹ ká, wọ́n ń ta á sókè, wọ́n ń gùn, wọ́n tún ń bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ̀gà ń pariwo lórí imọ̀. Àfi bí Bàbá ṣe dúró lójijì. Ejò ti ká sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbè ẹmu, ẹyin ẹ̀gà ló wá jẹ. Mo fi ètè wíwú pariwo láti ìsàlẹ̀. Bàbá ò tiẹ̀ wojú mi. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gbá ara ọ̀pẹ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n fara ti igbà, wọ́n ń dúró bí ẹni tó wà lórí ìlà ní báńkì. Ó ṣe díẹ̀, ejò náà tú ara rẹ̀, ó wọ́ lọ sáàárín imọ̀. Bàbá gbé ẹmu wọn.

Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n bu ẹmu fún mi, wọ́n sì nawọ́ sí ọ̀kan nínú àwọn ìkọ́ irin tó so mọ́ bẹ́líìtì mi.

"Ṣé èyí lè gbé agbè?"

Mo ní ó lè gbé èèyàn méjì. Wọ́n tú u, wọ́n fi kọ́ agbè sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n mì í wò, wọ́n sì gun kẹ̀kẹ́ lọ sọ́jà. Mi ò tíì rí ìkọ́ náà gbà padà.