Ẹjọ́ Wáyà

ÀǸTÍ WÁYÀ ló ń mójú tó nẹ́tíwọ̀kì. DÉJÌ KÓÒDÙ ló ń kọ ètò. Ọ́fíìsì wọn wà ní Yaba, sáfà wọn wà ní Lọ́ńdọ̀nù.

DÉJÌ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Nẹ́tíwọ̀kì yín ti kú.

ÀǸTÍ WÁYÀ: Tèmi ló kú? Nígbà tó ń sáré lánàá, ta ló ni ín?

DÉJÌ: Gbogbo wa ni. Fáìlì tó ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù ń rá pálá. Mẹ́gábíìtì 5 péré ní ìṣẹ́jú àáyá, a sì ń sanwó 100!

ÀǸTÍ WÁYÀ: Kí lo fọwọ́ kàn lálẹ́ àná?

DÉJÌ: Èmi kẹ̀? Kò sí. Bóyá okùn abẹ́ òkun ló tún já, bíi ti Abidjan lọ́dún 2024.

ÀǸTÍ WÁYÀ: Wọ́n ti so ìyẹn tipẹ́. Mo fi iperf wọn ọ̀nà láti Lọ́ńdọ̀nù débí láàárọ̀ yìí, ó gbé 94. Kí lo fọwọ́ kàn?

DÉJÌ: Ìlà kan péré ni.

ÀǸTÍ WÁYÀ: Ẹ̀n-ẹ́n! "Kò sí" ti bímọ.

DÉJÌ: Kò lè jẹ́ òun. Mo dán an wò láàárín kọ̀ǹpútà méjì nínú ọ́fíìsì yìí, eré burúkú ló ń sá.

ÀǸTÍ WÁYÀ: Ka ìlà náà sí mi létí.

DÉJÌ: SO_RCVBUF, ààyè tí ètò fi ń gba dátà: báìtì 65,535. Mi ò fẹ́ kí ètò máa fi mẹ́mórì ṣòfò ni.

ÀǸTÍ WÁYÀ: Yéè! Ta ló rán ọ? Linux fúnra rẹ̀ ló máa ń fẹ ààyè yẹn bí ọ̀nà bá ṣe jìn tó. Tí o bá ti lè kọ iye kan fún un, yóò fọwọ́ lẹ́rán máa wò ọ́ ni.

DÉJÌ: Ṣé báìtì 65,535 wá kéré ni?

ÀǸTÍ WÁYÀ: Wo alábàárù tòmátò ní ọjà Mile 12. Apẹ̀rẹ̀ kan ló ń rù. Bí kò bá tíì padà dé, apẹ̀rẹ̀ kejì ò ní gbéra. Kí ọ̀nà gba tírélà mẹ́wàá, kí ló kan apẹ̀rẹ̀? Láti ibí dé Lọ́ńdọ̀nù, àlọ àti àbọ̀, kò jìnnà sí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Ìrìn 10 nìyẹn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fi 65,535 sọ ọ́ di púpọ̀, kí o tún fi bíìtì 8 sọ ọ́ di púpọ̀.

DÉJÌ: (ó ń tẹ fóònù) Mílíọ̀nù márùn-ún... ó lé díẹ̀.

ÀǸTÍ WÁYÀ: Mẹ́gábíìtì 5! Òun lo fi ń bú wáyà mi láti àárọ̀.

DÉJÌ: Ti inú ọ́fíìsì ńkọ́?

ÀǸTÍ WÁYÀ: Níbí, àlọ àti àbọ̀ ò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Alábàárù ń lọ, alábàárù ń bọ̀, ta ni yóò mọ̀ pé apẹ̀rẹ̀ kéré? Yọ ìlà yẹn, jàre!

DÉJÌ: (ó yọ ọ́, ó tún fáìlì pè) 30... 70... 91! Áà, Àǹtí, ẹ ṣé o! Mo ti sọ fún ọ̀gá pé ẹ máa tún nẹ́tíwọ̀kì yẹn ṣe.

ÀǸTÍ WÁYÀ: Dìde lórí àga mi!