Ẹ̀jẹ̀ Mi Ni Mo Fi Tọrẹ, Ẹ Fi Máàtì Mi Sílẹ̀!

Ẹ̀yin ará Owódé Ẹ̀gbá, ẹ̀yin ará Mowé, ẹ̀yin tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ há mọ́ Ìbàfò, ẹ gbà mí o! Ta ló ń fi ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ta èèyàn lọ́rẹ láìgba kọ́bọ̀, tí wọ́n á tún máa pè é ní wọ̀bìà? Èmi ni! Èmi fọ́gànáísà lásán, tí n kò jí adìyẹ ẹnikẹ́ni rí.

Nígbàkigbà tí àwọn tó ń gba ẹ̀jẹ̀ bá gbé bẹ́ẹ̀dì wọn wá sí àdúgbò wa, èmi ni mo máa ń ti ṣọ́ọ̀bù, èmi ni mo máa ń bẹ àwọn ọlọ́kadà pé ẹ wá, kò ní pẹ́. Kí ni mo ń gbọ́? Ọ̀kan ní ẹ̀jẹ̀ òun kò tó òun lò. Òmíràn, géńdé tí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi kò gbà, ní abẹ́rẹ́ ń ba òun lẹ́rù. Ìyá kan tó ń ta ìrẹsì Ọ̀fàdà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Bàbá Sìdí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe àwọn tó ń ṣoògùn owó ló rán yín?" Èmi! Bí mo bá mọ ọ̀nà ibi tí owó gbà, ṣé táyà kẹ̀kẹ́ ni màá máa lẹ̀ nínú oòrùn?

Wọ́n gún mi níka, wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ ẹ̀kán kan sínú omi búlúù kan. Bó bá rì, ẹ̀jẹ̀ rẹ ki, o yege. Bó bá léfòó, wọ́n á ní kí o lọ máa jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹran ná. Tèmi lọ sísàlẹ̀ tààrà! Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, bóyá ẹnìkan á pàtẹ́wọ́ fún mi. Fóònù ni gbogbo wọn ń tẹ̀. Nọ́ọ̀sì wá di nǹkan mọ́ mi lápá, ó ń fẹ́ ẹ bí èmi ṣe ń fẹ́ táyà oníbàárà, kò tilẹ̀ bi mí léèrè pé mélòó ni mò ń gbà. Gbogbo ohun tí wọ́n fà kò ju 450 mililítà lọ, kò kún ọ̀rá píọ́ wọ́tà kan, bẹ́ẹ̀ àgbàlagbà ń gbé nǹkan bíi lítà 5 kiri nínú ara. Ṣùgbọ́n kí n tó délé, ìròyìn ti tàn pé garawa kan ni wọ́n fà lára Bàbá Sìdí!

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Lẹ́yìn tí wọ́n bá fà á tán, wọ́n á ní kí o jókòó fún bí ìṣẹ́jú 15 kí òòyì má baà gbé ọ, kí o mu nǹkan olómi, kí o jẹ nǹkan díẹ̀. Àṣẹ ìṣègùn ni o, kì í ṣe ọ̀kánjúwà! Wọ́n gbé máàtì kan, bísíkíìtì kan àti míìtì páì kan fún mi. N kò tíì ṣí máàtì tí géńdé abẹ́rẹ́-ń-bà-mí-lẹ́rù fi dé, ó ní òun sìn mí wá, ká jọ mu ún, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ léfòó ti ń jẹ bísíkíìtì kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọmọkùnrin kan tí kò fi ohunkóhun sílẹ̀ wo àpò ẹ̀jẹ̀ mi, ó ṣubú lulẹ̀, gbogbo ilé sáré, wọ́n gbé máàtì tó tutù jù fún un, gbígbóná tó wà nínú páálí ló kù fún èmi tí mo ni ẹ̀jẹ̀! Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣoore tó lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe é ni. Èmi kò lóṣòó ti oore o. Máàtì ni mo lóṣòó tì.

Mo délé, ìyàwó mi ní ọkùnrin tó ní ẹ̀jẹ̀ tó fẹ́ fún gbogbo ayé á lágbára tó máa fi pọn omi. Àwọn ọmọ ti tú àpò mi, míìtì páì ti lọ.

Àna mi wá mú fóònù rẹ̀ jáde. Ó ní James Harrison, òyìnbó Ọsirélíà tó kú ní 2025, fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ ní ìgbà 1,173, láti 1954 títí di 2018, kò ráhùn. Ta ló sọ fún un pé kò ráhùn? Ṣé ó wà níbẹ̀? Yàtọ̀ síyẹn, omi inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ìyẹn jù, tí èèyàn lè fi sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Ti wa, oṣù 3 ni ọkùnrin ń dúró, obìnrin oṣù 4. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: máàtì mélòó ló kàn mí lọ́dún?

Ọjọ́ 14 oṣù Okúdù ni gbogbo àgbáyé fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwa tí a ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, nítorí ọjọ́ náà, ní 1868, ni wọ́n bí Karl Landsteiner, tó jẹ́ ká mọ̀ pé oríṣi ẹ̀jẹ̀ yàtọ̀ síra. Lọ́jọ́ náà gan-an ni onílé mi ránṣẹ́ pè mí. Mo wọ aṣọ tó dáa, mo ní ọpẹ́ dé. Owó ilé ló fẹ́ gbà!

Kí ẹnikẹ́ni má tún sọ fún mi pé wọ́n ń ta ẹ̀jẹ̀ tí a fi tọrẹ. Wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún HIV, àrùn ẹ̀dọ̀ àti rẹ́kórẹ́kó kí wọ́n tó gbé e fún aláìsàn, kò sì sí èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ níbẹ̀ àfi tèmi. Nínú fíríìjì, nǹkan bí ọjọ́ 35 ló ń lò, wọ́n á dà á nù, nítorí náà a kò lè kó o pamọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ká sinmi. Títì Èkó sí Ìbàdàn kọjá lára wa níbí, ẹ mọ ohun tí tírélà ń ṣe lóru. Aboyún ń bímọ, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára òmíràn. Àwọn ọmọ tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde wà láàárín wa.

Ẹ̀yin tí ẹ ti pé ọmọ ọdún 18, tí ara yín le, tí ẹ wọ̀n tó kílò 50, ẹ dákun, ẹ wá na apá yín. Máàtì yín wà níbẹ̀. Tèmi ni kí ẹ má fọwọ́ kàn.