Ó Wà Nínú Ìwé

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, ó dá lórí Àjàpá, arìnrìn-àjò tí gègé kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Àjàpá gbéra láti Àgbádárìgì. Ó gba Ṣakí, ó ya Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, Ọ̀yọ́-Ilé ló ń lọ. Kò fẹsẹ̀ rìn o. Ẹ̀yìn Ẹtu ló wà. Ìlú tó bá dé, wọ́n á gúnyán fún un. Á jẹ, á yó, á ṣíwèé, á kọ ọ́ pé: “Ọ̀lẹ ni wọ́n.”

Ọ̀rọ̀ kàyéfì ni Àjàpá ń wá. Ẹni tó bá sòótọ́, kò gba nǹkan kan. Ẹni tó bá purọ́ tó dùn, á gba iyọ̀. Ọ̀bọ kíyè sí i.

Ọ̀bọ ní: “Àwa ò ní baba ńlá. Òjò ló rọ̀ wá sílẹ̀.” Àjàpá kọ ọ́. Ọ̀bọ gbayọ̀.

Ọ̀bọ ní: “Ẹrú wa ni Erin. Bó o bá rí i, ní kó bẹ̀rẹ̀, kó o gùn ún.” Àjàpá kọ ọ́. Ọ̀bọ gbayọ̀.

Àjàpá pàdé Erin létí odò Ògùn. Ó ṣíwèé, ó forin sẹ́nu:

Erin, bẹ̀rẹ̀ kí n gùn ọ́,
Ó wà nínú ìwé.
Ọmọ ẹrú, bẹ̀rẹ̀ kí n gùn ọ́,
Ó wà nínú ìwé.
Ọ̀bọ ló sọ, èmi ló kọ,
Ó wà nínú ìwé.

Erin ní: “Ta ló kọ ọ́?”
Àjàpá ní: “Èmi ni.”

Erin bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Ó gbé Àjàpá, ó là á mọ́ àpáta. Ẹ̀yìn Àjàpá fọ́ yángá.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ìwé ò fọ́. Odò gbé e fọ́sà, ọ̀sà gbé e fókun. Àjàpá kejì, tí kò fojú kan ọ̀dàn wa rí, jókòó sílé rẹ̀, ó dà á kọ, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀mọ̀wé. Ọmọ Ọ̀bọ lọ síléèwé, ó kà á, ó padà wá kọ́ baba rẹ̀ pé wọn ò ní baba ńlá. Ọ̀bọ ní: “Ọmọ mi, irọ́ ni, nítorí iyọ̀ ni mo ṣe pa á.” Ọmọ ní: “Bàbá, ó wà nínú ìwé.”

Ọ̀rọ̀ náà dun Ẹtu. Ẹni tó gbé Àjàpá, ṣebí òun náà lójú? Ó bi àwọn àgbà, ó bi àwọn arọ́kin, ó kọ tirẹ̀, ó parí rẹ̀ ní 1897. Ó fi ránṣẹ́ sókè òkun kí wọ́n bá a tẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbé e sọnù. Ẹtu kú. Àbúrò rẹ̀ ṣa àjákù ìwé jọ, ó tún un kọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé mọ Ẹtu tí mò ń wí.

1894 ni ìwé Àjàpá kejì ti wà níta. Ti Ẹtu, ó di 1921 kó tó jáde.