Ẹni Tó Wá Wòran, Ẹni Tó Wá Jọ́sìn

Láàárín àwọn ọmọ Erinje, ìlú kan nílẹ̀ Ìkálẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa, tí wọ́n ti di ará Lọ́ńdọ̀nù, ohun tó máa ń kọ́kọ́ rú wọn lójú lókè òkun ni owó ìwọlé ṣọ́ọ̀ṣì. Ní Westminster Abbey, níbi tí wọ́n ti ń dé ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ládé láti ọdún 1066, tí nǹkan bí 30 ọba àti ayaba sì sùn sí, àlejò tó wá wòran yóò san bíi 30 pọ́n-ùn kó tó rí ibojì ẹyọ kan, ṣùgbọ́n ẹni tó wá jọ́sìn kì í san kọ́bọ̀. Abájọ tí àwọn tó gbọ́n fi máa ń dé lásìkò ìsìn ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n á tẹríba bí ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ lọ́rùn, tí wọ́n á sì máa fi igun ojú wá sàréè kiri.

Nílé, òdì-kejì rẹ̀ ni. Kàtídírà Màrínà l'Ékòó, tí wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1925, tí wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1946, kì í gba owó lẹ́nu ọ̀nà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wo ibojì Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Mọ́sálásí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní 1894, kò ju kí àlejò bọ́ bàtà lọ. Ẹni tó wá jọ́sìn gan-an ni àpò rẹ̀ ń gbẹ: ọrẹ, ìdá mẹ́wàá, owó òrùlé tí kì í tán, àti ìkórè, èyí tí í ṣe àjọ̀dún ìdúpẹ́ fún irè oko, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú ìjọ kò ní oko mọ́. Ará òkèèrè tó bá balẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, kí ilẹ̀ Sátidé tó ṣú, wọ́n á ti fi í jẹ alága ìkórè.

Lójú ọ̀nà Erinje, ará òkèèrè náà á gba Ọ̀rẹ̀ kọjá, níbi tí wọ́n ti dá ọmọ ogun Biafra dúró ní 1967, tí ẹnu àwa Yorùbá kò sì tíì kúrò lórí ìjà náà. Síbẹ̀ ẹ̀bà àti ilé ìtọ̀ ni èrò ọkọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ wò níbẹ̀.

Ní ààfin Erinje, ọba tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Orungberuwa ni à ń kí, kò sì sí tíkẹ́ẹ̀tì. Ohun tí wọ́n á bi àlejò ni pé ọmọ ta ni, á sì dárúkọ bàbá, á dárúkọ bàbá bàbá, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ṣòkòtò jíǹsì tó fún pinpin. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin á mú un lọ wo ibojì bàbá ńlá nínú ọgbà ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àjà tí púpurú, ìyẹn ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ, tí wọ́n mọ róbótó, ti ń gba èéfín. Bó bá di alẹ́, tó ṣírò owó obì, owó ọtí àwọn ìjòyè, owó àwọn ọ̀dọ́ tó ní àwọn ń ṣọ́ mọ́tò àti ti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tó sì sọ ọ́ di pọ́n-ùn, á rí i pé ti Westminster kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́n. Bẹ́ẹ̀, ọ̀la ni ìkórè.